Ọmọ Ló Ń Wá Kí Ìyá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ yín jọ síwájú yín. Títílọlá, àkọ́bí mi, ti bí ìkẹta. Obìnrin ni, ó pupa bí epo tuntun, ohùn ẹkún rẹ̀ sì ń borí fèrè tírélà ní Malu Road. Kúnlé ti gbéyàwó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó náà, kì í ná kọ́bọ̀ láìbéèrè ibi tó ń lọ, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò mi Délé fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá. Ọkọ ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí erùpẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn nímú, ẹ̀rín sì pa gbogbo wa. Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi nìkan ti pé méje. Bí mo bá kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ni mo máa ń rọra rìn kí àwọn ará àdúgbò lè kà wọ́n tán.

Ìyábọ̀ nìkan ni n kò tíì dárúkọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bá wá.

Ẹ ó ti máa bi ara yín pé ta ló bá mi kọ ìwé yìí. Èmi ni, Bàbá. Mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Olùkọ́ wa kéré sí Títí, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, gbogbo àwa ìyá àgbà á dìde, a ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.” Ó ní kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí ẹni tó jìnnà. Ìyá Ọlọ́pàá tó jókòó tì mí ń kọ tirẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ ní Kánò. Ó yọjú wo ìwé mi, ó ní, “Ìyá Títí, níbo ni tiyín ń lọ?” Mo ní ó jìnnà ju Kánò lọ.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi rán àpò kòkó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Àpápá, abẹ́rẹ́ àpò kò wúwo lọ́wọ́ mi rí. Bírò yìí kò tó ìdajì rẹ̀, síbẹ̀ ó ń mú mi láàgùn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò.

Ẹ rántí pé oṣù tí a sin Ìyá Àgbà, ìyá tó bí yín, ni mo mọ̀ pé oyún wà nínú mi. Nígbà tí mo bí obìnrin, ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dábàá orúkọ mìíràn. Ẹ ní ìyá ti padà bọ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ bọ́ fìlà, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ ọwọ́ lórí sìmẹ́ńtì, ẹ ní, “Ìyá mi, ẹ kú àbọ̀.”

Láti ìgbà náà, bí ẹ bá ṣíwọ́ ní wáàfù, ẹ kì í lọ tààrà sí yàrá yín ní Marine Beach. Ẹ ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa, ẹ ó ní, “Ọmọ ló ń wá kí ìyá. Ìyá mi ńkọ́?” Kò pẹ́ tí Ìyábọ̀ fi mọ ipò rẹ̀. Á fọwọ́ lé ìbàdí, kékeré rẹ̀, á ní, “Ìgbà yìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?” Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èjìká gbé àpò sìmẹ́ńtì ní ojoojúmọ́ á wá káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, ẹ ó ní, “N kò tíì jẹun, mà.” Bí ẹ bá sì fẹ́ máa lọ, á ṣa ọmọrí ìgò míníráàsì kan nílẹ̀, á fi há yín lọ́wọ́. “Owó ọkọ̀ rẹ nìyí. Má fi ra gúgúrú o.” Ẹ kì í jù ú nù. Ẹ ó ṣí àpò ṣòkòtò yín, ẹ ó sọ ọ́ síbẹ̀ bí owó gidi.

Mo rò pé láti ibẹ̀ ni eré ti wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ rí i. Ní Kérésìmesì ọdún tó jáde ilé ìwé, wọ́n fi ṣe ìyàwó onílé èrò tó lé Màríà àti Jósẹ́fù padà. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ fún un, pé àyè kò sí. Ìyábọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ó ju ojú sí Jósẹ́fù, ó ní, “Ṣé o tiẹ̀ san owó ilé tán níbi tí o ti ń bọ̀?” Pásítọ̀ fi ìwé orin bojú. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣọ̀n wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà, ó sì wá bá wa lẹ́yìn ìsìn.

Ọkọ mi fárígá. Ó ní òun kò rán ọmọ nílé ìwé kí ó wá di aláwàdà. Ẹ̀yin ni ẹ yanjú rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà, ẹ ní, “Àna mi, ìyá mi ló ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú èmi àtìwọ, ta ni yóò dá a dúró?” Ọ̀rọ̀ tán.

Bí Ìyábọ̀ ṣe di Rísì Ẹlẹ́jọ́ nìyẹn, ìyàwó ilé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nínú eré tẹlifíṣọ̀n, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọdún tí à ń tò láti ra mílíìkì ni, owó tí wọ́n ń san fún un kò sì ju owó ọṣẹ lọ. Ṣùgbọ́n òkìkí ń bẹ. Kò lè ra ata ní Ajégúnlẹ̀ kí ẹnìkan má pariwo pé, “Rísì, ẹjọ́ ta lo tún gbé dé?” Òun náà á ní, “Ẹjọ́ tìẹ ni, ìwọ tí ò ń bu omi sí epo.” Kọ́ndọ́ ọkọ̀ á da owó rẹ̀ padà fún un: “Rísì, abeg, hold your money. Just abuse my driver small.” Á sì bú dẹ́rẹ́bà náà dáadáa, pẹ̀lú oríkì, títí wọn yóò fi dé Boundary. Tí wọ́n bá bi mí pé ṣé èmi ni ìyá Rísì, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kí wọ́n lè tún un bi.

Ẹ ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ẹ ti kó wá sọ́dọ̀ wa. Àlàájì onílé wa nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n nínú ilé. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, ẹ ó ti wẹ̀, ẹ ó ti wọ bùbá funfun, ẹ ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ Àlàájì pẹ̀lú fìlà lórí orúnkún. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o,” ẹ ó dá a lóhùn. Àwọn ọmọ Àlàájì máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ìkíni kì í sọnù. Bí Ìyábọ̀ bá sì yọ, ẹ ó tẹrí ba díẹ̀, ẹ ó ní, “Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́.” Kí ló dé tí n kò bi yín léèrè rí bóyá ẹ gbà pé ó ń gbọ́?

Ẹ mọ Ọjọ́bọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Rísì nà gbalaja lórí ẹní, aṣọ funfun dé e lọ́rùn, òwú wà nímú rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ yí i ká. Mo rí i tí fìlà yọ́ bọ́ lórí orúnkún yín. Ibẹ̀ gan-an ni iná lọ.

Ẹ ké, Bàbá. Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá Àgbà, n kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín. Ẹ ní, “Ìyá mi ti kú lẹ́ẹ̀kejì!” Ẹ sunkún níwájú gbogbo ayálégbé nínú òkùnkùn, Àlàájì ń táràrà kiri, ó ń wá àtùpà. Nígbà tí iná máa fi padà, ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà.

Ní àwọn àdúgbò tí iná kò ti lọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi lọ sùn. Rísì kò kú. Ó dọ́gbọ́n kú ni, kí ó lè gbọ́ ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò sọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyá ọkọ ṣe ní kí wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ olóògbé, ńṣe ni òkú sín, tó fò dìde tòun tòwú nímú. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ènìyàn ló ń sín fún ara wọn lójú títì. Ọmọ Àlàájì tó wo tirẹ̀ ní apá Boundary sáré wá bá yín: “Bàbá, ó jí o! Ó já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ!” Ẹ wò ó títí. Ẹ ní, “Ìwọ rí i. Èmi kò rí i.”

Mo ní, “Bàbá, eré ni.” Ẹ ní, “Ṣé òpè lo fi mí ṣe? Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹkún tí mo sun ni kì í ṣe eré.”

Àṣà ilé yín ni ẹ rọ̀ mọ́. Bí a bá ṣèèṣì sunkún òkú ẹni tó wà láàyè, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ wá dúró níwájú ẹni tó sunkún. Ẹni tó sunkún yóò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun yóò jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn yóò sì mu omi nínú ife kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹkún náà ṣì wà nílẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ béèrè nìyẹn. Ọmọ kan, orúkọ kan, ife omi kan.

Ìyábọ̀ kò gbé lọ́dọ̀ wa mọ́ nígbà náà. Òun àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣeré ló jọ gba yàrá nítòsí ilé tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un lọ́jọ́ Sátidé, mo sì jẹ́ iṣẹ́ yín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi pé mo ti jí. Ṣé ìyá ló ń lọ kí ọmọ ni? Ọmọ ló ń wá kí ìyá!” Ó ní àwọn ń ya eré lọ́wọ́, báwọn bá ti ṣe tán, òun ń bọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti sàdíìnì, nítorí ìyá kì í lọ sílé ọmọ lọ́wọ́ òfo.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé bó ṣe sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo rò pé yóò pa yín lẹ́rìn-ín, torí pé ẹnu yín ló ti gbọ́ ọ. Ẹ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ mi orí, ẹ ní, “Òótọ́ ló sọ.” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n ẹyin ọjọ́ yẹn kò dún nígbà tó fọ́. Èmi rò pé ẹ ń bínú díẹ̀ ni. Ìyábọ̀ rò pé ẹ ń bá òun ṣeré bíi ti àtijọ́ ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ rò?

Ẹ kò lọ sí pálọ̀ Àlàájì mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ti ibi àpò dé, mo bá yín lẹ́nu ẹ̀rọ omi, tẹ ń fọ ẹsẹ̀. Agbádá funfun wà lọ́rùn yín, eruku bo bàtà yín. Mo bi yín níbi tẹ ti ń bọ̀. Ẹ ní, “Mo lọ kí ẹnìkan, n kò bá a.” Mo rò pé ọ̀rẹ́ yín kan ní wáàfù ni. Mo bu oúnjẹ fún yín, ẹ ní ẹ kò fẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi lówe yìí, Bàbá. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin gan-an fi dákẹ́?

Ibà dé lọ́sẹ̀ náà, kò sì lọ. Nígbà tí iṣẹ́ tí a rán fi bá Ìyábọ̀ tó sì fi sáré dé, ẹnu yín ti pa dé. Òun ló wá ń pè yín. Ó pè yín ní Bàbá, ó pè yín ní ọmọ òun. Ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́.

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni a tó mọ ibi tẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ìyábọ̀ padà síbi iṣẹ́, fọ́tò yín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì rí i, ó pàtẹ́wọ́: “Àǹtí Rísì, ẹ mọ bàbá yìí? Bàbá tó wá wá ìyá rẹ̀ nìyí!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀ bí àwàdà. Ó ní bàbá àgbà kan wá, ó mọ́ tónítóní, ó gbé ẹ̀pà sísun sínú bébà. Òun bi í pé ta ni ó ń wá. Ó ní ìyá òun ni. Òun ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ṣì ní ìyá láyé? Ẹ kúkú ṣoríire. Kí ni orúkọ wọn?” Ó ní Ìyábọ̀. Òun ní kò sí Ìyábọ̀ kankan níbẹ̀. Lóòótọ́, Rísì ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀, títí kan ẹni tó ń sanwó fún un. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé Rísì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ dárúkọ Rísì. Mo mọ ìdí rẹ̀. Rísì ló kú.

Ọkùnrin náà kò ṣe yín níbi o. Ó fún yín ní àpótí láti jókòó, ó bu omi fún yín. Ó ní ẹ jókòó títí oòrùn fi rẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ dìde, ẹ kọjú sí ilé ńlá náà, ẹ pe “Ìyábọ̀!” lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Kò sí ẹni tó jẹ́. Ẹ kó ẹ̀pà náà lé e lọ́wọ́ pé bí ìyá yín bá jáde, kí ó bá yín fún un. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ló dé tó fi rí ojú Ìyábọ̀.

Ìyábọ̀ wà nínú ilé náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, Bàbá. Yàrá tí wọ́n ti ń ya eré ni ó wà. Wọ́n ti fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bí ti ilé yìnyín àwọn ẹlẹ́ja, kí ariwo ìta má bàa bá eré jẹ́. Ẹ pè é, kò gbọ́. Bí àgbá bá yìn lẹ́nu géètì, kò ní gbọ́.

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́. Ó ní òun kò tún ní wọ yàrá tí ohùn ọmọ òun kò lè wọ̀. Wọ́n wá a títí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n sọ nínú eré pé Rísì ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, eré ń lọ láìsí i títí eré náà fi kú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can ni Ìyábọ̀ wà láti ìgbà náà, ó ń gbé ìwé ẹrù láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn láàárín tírélà. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Bí dẹ́rẹ́bà kan bá kígbe, “Rísì, o ò bú wa mọ́?”, á ní, “Rísì ti rìnrìn-àjò,” á sì máa lọ.

Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo máa ń jókòó, màá ní, ká ní iná kò lọ. Ká ní mo ní kí Ìyábọ̀ bá mi padà wálé lọ́jọ́ Sátidé yẹn kí ọbẹ̀ tó tutù. Ká ní ẹ sọ fún mi pé ibẹ̀ lẹ ń lọ, ǹ bá tẹ̀lé yín, ǹ bá sọ fún wọn lẹ́nu géètì pé ẹni tí wọ́n ń pè ní Rísì ni a ń wá. Ta ni n ó dá lẹ́bi? Ẹ̀yin ń ṣe ọmọ, òun ń ṣe ìyá, ẹ̀yin méjèèjì sì ṣe é dójú àmì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Àwọn tó ń ya fídíò ti ń wá a. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó máa ń wo Rísì nígbà tó wà lọ́mọdé, wá sílé. Ó ní eré kan wà, ìyá kan tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Ó fi àpòòwé àsansílẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n mi, ó lọ. Ìyábọ̀ kò ṣí i, kò sì dá a padà. Bí ó bá wá kí mi, á kàn wò ó, á wo ibòmíràn. Mo rí ojú rẹ̀, Bàbá. Ebi iṣẹ́ náà ń pa á. Níjọ́ kan, ó rò pé mo ti sùn lórí àga, mo gbọ́ tó ń fi ohùn méjì bá ara rẹ̀ jà ní kíṣìnì. Mo ní kí ó lọ ṣe é. Ó ní, “Àfi bí Bàbá bá ní kí n lọ.”

Bàbá, ẹ ní kí ó lọ. Mo bẹ̀ yín. Mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ya eré náà fúnra mi. Marine Beach ni, kò jìnnà sí ibi tí yàrá yín wà. Àgbàlá lásán ni. Kò sí ilẹ̀kùn nípọn níbẹ̀. Àkùkọ ń kọ, jẹnẹrétọ̀ ń hó, bí ọkọ̀ ojú omi bá sì fọn fèrè, gbogbo wọn á dúró títí yóò fi kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é níbẹ̀, yóò gbọ́. N kò mọ bí òkú ṣe ń dáni lóhùn. Ẹ kò jọ̀wọ́ wá ọ̀nà kan?

Bàbá, mo fi bírò lélẹ̀ níbí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo tún gbé e báyìí nítorí pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ìyábọ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú, ó rí lẹ́tà yìí lábẹ́ Bíbélì mi. Ó ń kà á lórí ìdúró, nígbà tó yá ó jókòó. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo èyí?” Mo ní èmi ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun kàn fẹ́ lọ wo àgbàlá eré náà ni, kí n má tẹ̀lé òun. Mo tẹ̀lé e.

Wọ́n ti ní kí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí ó kan dán ọ̀rọ̀ díẹ̀ wò. Mo dúró lẹ́yìn ògiri pákó. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tó gbọ̀n, tó dúró. Kò jáde. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. N kò gbèrò ohun tí mo ṣe, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé gbogbo ẹbí ló ń sọ pé ohùn yín ni mo gbé wáyé. Mo la ẹnu, mo ní, “Ìyábọ̀!”, bí ẹ ṣe máa ń pè é, tí ẹ ó fa ìdí rẹ̀ gùn.

Ọmọkùnrin oní-fídíò pariwo, “Ta nìyẹn? Iṣẹ́ là ń ṣe níbí o!”

Ìyábọ̀ ní, “Mà?”

Mo tún pè é. Ẹnìkan ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ nítorí Ọlọ́run, ẹ̀rọ ń yí!” Ìyábọ̀ dáhùn lábẹ́ ariwo náà, “Mo gbọ́ o.”

Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó sì jẹ́ mi pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ láti ìgbà tó wà ní kékeré tó ń fọwọ́ lé ìbàdí: “Mo wà níbí o, ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun?”

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Ọ̀kan ní, “Ìyá rẹ̀ ló ń pè lọ́mọ yẹn?” Èmi ti wọlé. A mu omi nínú ife ike wọn, èmi àti òun, ife kan ṣoṣo, omíjé ń kán sí i. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú, ó padà sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bú ọkọ inú eré náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó gbé kámẹ́rà fi ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Mo mọ̀ pé ohùn mi kì í ṣe ohùn yín. Mo mọ̀ pé ẹnu géètì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì ṣì jókòó síbẹ̀ lórí àpótí nínú ọkàn mi, tẹ̀yin tẹ̀pà. N kò ní sọ fún yín pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Nígbà tí a délé, Ìyábọ̀ gbé àpòòwé orí tẹlifíṣọ̀n, ó ya á, ó yọ owó díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó ka ìyókù. Ó ní kí n fi sínú lẹ́tà yìí. Ó ní bí ọmọ bá wá kí ìyá, ìyá a máa fún un lówó ọkọ̀ tí yóò fi padà sílé, ẹ sì wá, ẹ padà lọ́wọ́ òfo. Mo mọ̀ pé òkú kì í ná owó. N ó ká lẹ́tà yìí yí i ká, n ó sì kì í sínú fìlà yín tó wà nínú àpótí mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi èjìká wáàfù tọ́, tí yóò máa fẹ́ràn yín títí a ó fi tún ríra.

Owó ọkọ̀ náà jẹ́ ogún náírà. Ó ní ẹ má fi ra gúgúrú o.